Òpó Tí Bàbá Mi Rì Sómi De Ríákítọ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ kú ìdí iná ẹja. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà kí n tó mú bírò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ kú ọmọ títọ́. Tíṣà tí wọ́n ń ka ìwé yìí sí gbogbo ilé létí, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín lóhùn kà á dópin. Gbogbo ará etí omi pátá, ẹ kú afẹ́fẹ́, ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà dé. Lẹ́tà mi ń tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bí ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í yára wá. Bí mo bá rò ó tán nínú, kí n tó kọ ìdajì rẹ̀, òmíràn á ti dé, ti ìṣáájú á sá lọ. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn lè bá mi tún un ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohùn mi níbẹ̀.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, tí n kò fi í sínú àpò ìwé kí n fi rán àbúrò Ìyá tó ń kó ẹja wá síbí. Ọkọ mi la jọ rò ó. Tó bá jẹ́ Bàbá nìkan ni mo kọ ọ́ sí, àwọn kan á ní ilé àna ti sọ̀rọ̀ sí wa létí, wọ́n á ní ilé wa ti gba nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo etí omi ni. Mo sì mọ̀ pé Tíṣà kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn Yorùbá dé èbúté kí wọ́n má kà á fún yín. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ara mi le. Ọkọ mi náà wà dáadáa. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín lórúkọ òun. Mo ní obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ dírẹ́bà náà ló ń ṣe ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wádìí iná àtọ́míìkì. Kò mọ nǹkan kan nípa iná ọ̀hún o, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń gbé kiri. Yàrá kan la ń gbé ní bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú ọgbà yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀ka náà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, nítorí náà mo sọ wọ́n ní Akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ti rò pé Ìbàdí-Àrán ni n óò sọ àwọn. Ìyálé mi, ìyẹn ìyàwó wọn, ní kí wọ́n lọ dúró níwájú dígí kí wọ́n wo ìbàdí náà dáadáa ná. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, mo kàn wo ilẹ̀. Ìyálé mi ń ṣe dáadáa sí mi. Ẹnu wọn mú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn là.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Ọyẹ́ wọn kì í ṣeré, ètè mi ti là, eruku pupa sì bo gbogbo ewé. Afẹ́fẹ́ ibí kò ní iyọ̀ nínú rárá. Ohun tó ṣòro fún mi jù ni pé ilẹ̀ ibí kì í mì. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Nílé wa tí a kọ́ sórí òpó lójú omi, tí ẹnì kan bá tẹ pákó ní yàrá kejì, ẹsẹ̀ ènìyàn á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, á sì ti mọ ẹni tí í ṣe. Níhìn-ín, wọ́n á kàn dé sí mi lẹ́yìn láìjẹ́ kí n mọ̀, àyà mi á já. Ọ̀sán ni mo máa ń dá wà jù, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ní ọ̀nà Enuwa. Èdè Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìdajì ló ń wọ̀ mí létí. Tí èmi náà bá gbàgbé tí mo sọ èdè Ìlàjẹ, ọ̀gá mi á ní kí n dákun, kí n má fi ẹja bú òun. Ní ti owó, kò pọ̀, kò sì tán. Ẹ má ronú nípa ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bírò.

Nígbà tí àbúrò Ìyá gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ náà dé, wọ́n jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wọn fún mi. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan wá sí etí omi wa, wọ́n ju okùn tó ní irin lẹ́nu sínú omi, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jìn tó. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin náà sọ fún yín pé iná àtọ́míìkì làwọn ń tìtorí rẹ̀ wá, àti pé oríṣi méjì ni ríákítọ̀ tó máa ń mú un wá, ńlá ń bẹ, kékeré ń bẹ. Wọ́n ní ẹ ti pe ìpàdé, gbogbo ilé ti fẹnu kò sí kékeré. Wọ́n ní àwọn ará èbúté kejì ń mú ńlá, pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gba iwájú yín. Bàbá mi wá ri òpó mẹ́rin sínú omi fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹja yíyan, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe fún àlejò tó bá fẹ́ kọ́lé lọ́dọ̀ wa. Tí ìpàdé ńlá bá tó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, gbogbo ilé á tẹ ìka sí ìwé pé ibẹ̀ di ti ríákítọ̀. Agbọ̀n ẹja jẹ́ ti Akọ̀wé, kí n bá yín sọ fún wọn kí wọ́n mú ti wa lò.

Nígbà tí mo gbọ́ òpó, ara mi tutù. Ẹni tó bá wá láti ibòmíràn kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nílé tiwa, bí àgbà bá ti ri òpó fún àlejò, ó ti fún un láyè nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í fà á tu.

Èmi náà kò mọ èyí tó dára nínú ńlá àti kékeré nígbà náà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n máa ń jiyàn lé e lórí lọ́dọ̀ Akọ̀wé. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí ilé wọn wà ní Ìpetumodù, ẹ̀ka kan náà ni wọ́n jọ wà. Bàbá Ìpetumodù ni mo ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá ti fi mọ́tò wọn síwájú ilé báyìí, Ìyálé mi á ní ìjà ìkòkò ti dé. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbé omi fún wọn, mo máa ń yára jáde. Lẹ́yìn tí mo gba iṣẹ́ yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nídìí tábìlì. Màá nù ún, màá tún nù ún.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Òkúta kan ń bẹ tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀. Wọ́n á ṣètò rẹ̀ sínú ìkòkò irin tó nípọn gan-an, á sì máa gbóná fúnra rẹ̀, kò gba igi, kò gba epo. Omi á hó níbẹ̀, èéfín omi á yí ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá. Ìkòkò yẹn ni ríákítọ̀. Omi púpọ̀ ni wọ́n fi ń tù ú lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo etí omi.

Bàbá Ìpetumodù, ńlá ni tiwọn. Wọ́n ní ẹni tó ń se oúnjẹ fún ilé tó kún kì í to ìkòkò wẹ́wẹ́ sí gbogbo ìdí ààrò, ìkòkò ńlá kan ló máa gbé kaná, igi á sì dínkù. Wọ́n ní ríákítọ̀ kékeré, ríákítọ̀ ńlá, kò sí èyí tí kò nílò ẹ̀ṣọ́, kò sí èyí tí kò nílò àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú ìwọ̀n. Ta ló fẹ́ máa ṣọ́ mẹ́wàá níbi tó ti lè ṣọ́ ẹyọ kan? Wọ́n tún ní ńlá ni wọ́n ti lò rí ní ìlú àwọn ènìyàn, a mọ ìwà rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti ṣe. Kékeré tí wọ́n ń polówó yìí, orí bébà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n máa fi dán an wò.

Akọ̀wé ní wáyà wo ni wọ́n máa fi gbé iná ńlá bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní bó ṣe jẹ́ pé gbogbo wa la so mọ́ wáyà kan náà, tí ìkòkò ńlá kan bá ń bọ́ ìdá tó pọ̀ nínú wa, ọjọ́ tó bá dákẹ́, gbogbo wa la máa jọ wà ní òkùnkùn. Wọ́n ní owó ńlá ni wọ́n á lọ yá, ọdún á yí lu ọdún kí ó tó tan iná ẹyọ kan, èlé á sì ti ń gùn. Ṣùgbọ́n kékeré, èèyàn lè kọ́ ọ̀kan, kí ó kọ́ ìwà rẹ̀, kí àwọn ọmọ ìlú mọ ọ̀nà rẹ̀, kí ó tó fi ìkejì tì í. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń fi ọkọ̀ ńlá kọ́ ọmọ ní àjẹ̀ wíwà. Ìyẹn wọ̀ mí lára.

Wọ́n tún sọ ọ̀kan tó mú kí aṣọ ìnutábìlì dúró lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ooru kékeré yìí ṣeé lò láti fi yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí ó di omi mímu. Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo rò. Mo ro ọ̀nà tí ẹ fi ń tukọ̀ lọ pọn omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí omi yí wa ká lọ́tùn-ún lósì tí kò sì ṣeé mu. Ọjọ́ yẹn, nínú ọkàn mi, mo ti tẹ ìka síwèé pẹ̀lú yín.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹnu jíṣẹ́ yín. Ojú ń tì mí. Ìyàwó tí kò tíì pé ọdún nílé, kí ó dá àwọn ọ̀mọ̀wé méjì dúró! Ọkọ mi ní òun á bá mi sọ ọ́, mo ní rárá, èmi ni Bàbá mi rán. Mo wá yan ẹja yẹn, mo fi ata sí i, mo gbé e síwájú wọn nígbà tí wọ́n jọ jókòó, mo sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, n kò dìde. Akọ̀wé ní kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ mí ni? Mo ní ẹja tí wọ́n ń jẹ yìí, iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ bí ẹ ṣe rán mi, láti orí okùn irin dé orí òpó.

Bàbá Ìpetumodù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn nù. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè yìí ò tíì ra ṣíbí tí wọ́n máa fi rò ó, Bàbá onílé ti kọ́lé fún un. Inú ò bí mi. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú, ọwọ́ wọn kò sì kúrò lára ẹja.

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé báwo ni òpó náà ṣe jìnnà sílé tó. Mo ní tí Ìyá mi bá ń yan ẹja, èéfín á kan òpó. Wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ju okùn sínú omi, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni wọ́n, omi ni wọ́n wá wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wọn odò mìíràn kiri. Wọn ò bèèrè àyè. Ìjọba kò tíì yan ńlá, kò tíì yan kékeré, ó lè jẹ́ pé kò ní yan ọ̀kankan. Wọ́n ní ó jọ pé ẹnì kan nínú wọn kàn dáhùn ìbéèrè yín ni, ẹ wá gbà á bíi pé ó ń wá ilé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tí n kò mọ̀, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo yín fara balẹ̀ gbọ́. Kékeré náà ní ọgbà. Ẹ rò pé nítorí pé ó kéré, ẹ lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ ilé bí ayálégbé, kí ó máa tan iná, kí ẹ máa yan ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí ìkòkò rẹ̀ kéré tó, ilẹ̀ àti omi tó yí i ká gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ju àwọ̀n síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ti ńlá kàn gbòòrò ju tirẹ̀ lọ ni. Nǹkan méjì ni wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ náà, Akọ̀wé àti Bàbá Ìpetumodù: ọgbà náà, àti pé ẹja náà dùn.

Tí ẹ bá tẹ ìka sí ibi òpó, Bàbá mi, ilé ẹja yíyan ni ẹ fi lé e lọ́wọ́, àti èbúté, àti ilé wa fúnra rẹ̀. Ìwé tí gbogbo ilé bá tẹ̀ kò ní já sí òfo. Ẹlòmíràn lè mú un dání lọ́jọ́ iwájú pé àwọn ará ibẹ̀ ló fi ẹnu ara wọn fún wa. Akọ̀wé sọ ọ̀rọ̀ kan kí n tó kó àwo, wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe jáde lẹ́nu àwọn:

"Ìyàwó, sọ fún Bàbá pé kò sẹ́ni tó tíì bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a kò tíì bèèrè, kí wọ́n má tíì fún wa."

Nítorí náà, mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má tẹ ìka síwèé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ẹ̀yin ará èbúté kejì tí ẹ mú ńlá, ẹ̀yin náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bá ara yín du ohun tí kò tíì jáde nílé.

Mo mọ̀ pé ìtìjú ni fún àgbà láti fa òpó tu, n kò sì ní sọ pé kí Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ri òpó fún wòlíì kan rí tí kò padà dé, ẹ kó pákó lé e, ó di ibi tí a ń sá àwọ̀n, ẹnu kò sì kun ẹnikẹ́ni. Ẹ kó pákó lé èyí náà fún Ìyá. Ilé ẹja ti kéré jù fún wọn tipẹ́. Ní ti àwọn àna yín, ẹ má rò ó pé wọ́n á ní ẹ yí ohùn padà. Mo bi Akọ̀wé, wọ́n ní ẹja ni àwọn gbà, àwọn kò gba ilẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ lé wọn tí wọ́n bá wá lóòótọ́ lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ló kù sí lọ́wọ́, kékeré ni n óò mú, ọ̀kan ná, kí ó jìnnà díẹ̀ sí wa, kí a kọ́ ìwà rẹ̀. Nítorí omi mímu ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n níbo ni ọgbà parí sí, kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé yín yí i ká kí ẹ fi ojú rí i. Ẹ bi wọ́n níbo ni wọ́n máa gbé òkúta náà sí tó bá ti lo agbára rẹ̀ tán, torí wọ́n ní kì í kú bọ̀rọ̀, ewu rẹ̀ ń pẹ́ ju ọmọ ọmọ ènìyàn lọ. Tí omi tí wọ́n fi tù ú lára bá padà sódò ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ni ẹja á sọ? Àti pé omi tí wọ́n bá yọ iyọ̀ rẹ̀, ṣé èbúté wa ló máa kọ́kọ́ dé ni, àbí páìpù á kàn gba iwájú wa kọjá lọ sí ìlú ńlá? Kí wọ́n sì mú lára àwọn ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ náà kí ó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé tán, kí wọ́n wá sọ wọ́n di ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà.

Mo ti sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe máa ń sọ lọ. Ìyá mi á ní ṣé Fúnkẹ́ òun náà rèé.

Kí omi má gbé ẹnikẹ́ni nínú yín. Kí àwọ̀n yín wúwo, kí apá yín ká a. Kí òjò tètè rọ̀ sínú ìkòkò yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n fi ojú mi rí yín lórí pákó ilé wa, kí n gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá láti yàrá kejì. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, láti ẹnu èbúté dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àgbà àti èwe. Ọkọ mi kí yín, ó ti dọ̀bálẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó wà lórí ilẹ̀ líle,
Fúnkẹ́.

Ẹ dákun, mo ti ń ká bébà kí Ìyálé mi tó pè mí lójú fèrèsé. Wọ́n ní Akọ̀wé ti kó àwọn tó wọn omi dé, Bàbá Ìpetumodù náà ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ àwòrán etí omi sórí tábìlì, ibi tiwa ni wọ́n kùn ní funfun bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé, wọ́n ní èmi ni kí n wá fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé fún wọn. Mo ti dáhùn pé mò ń bọ̀. Mo mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀: n óò fi èbúté hàn wọ́n ná, lẹ́yìn náà ilé ẹja, lẹ́yìn náà ọ̀nà tí Ìyá ń tù lọ pọnmi, kí wọ́n lè mọ̀ pé gbogbo ibi tí wọ́n kùn ní funfun yẹn ni ènìyàn wà.